Kí N Tó Fọwọ́ Síwèé

Ẹ jókòó, Tanimu. Ẹ má tíì ka owó.
Gambo dílálì ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ tábìlì
pé kí n panu mọ́.
Ilé yìí dára. Kànga rẹ̀ kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn Sáríà,
páànù rẹ̀ kò jò,
dógóyárò ẹ̀yìnkùlé ń ṣíji bo ìdajì àgbàlá.
Gambo ti sọ gbogbo ìyẹn fún yín.
Èyí tí kò sọ ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi fi kun ọkọ̀ ojú irin.
Ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù sí ìdí agolo,
a so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́,
a rọra wà á bọ̀ wálé bí ẹni gbé oyin.
Ó kun fèrèsé, ó kun ilẹ̀kùn,
ó kun ibùsùn wa, ó kun àpótí tí ìyá mi fi ń fọṣọ,
gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó ń dán bí ẹyinjú ológbò.
"Ilé Ràfíù ará Èjìgbò," ni àwọn ará Sábó ń pè é,
"ilé ọlọ́dà."

Ọyẹ́ fẹ́, oòrùn pa á,
ọ̀dà là bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀,
ó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja.
Ní ìrọ̀lẹ́, Lámídì àbúrò mi a dúró lójú fèrèsé
kó lè rí rélùwéè aago márùn-ún,
a máa fi eyín ha igi náà bó ti ń dúró.
Ó ní ó dùn.
Èmi náà tọ́ ọ wò.
Ó dùn lóòótọ́.

Ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò mọ A yàtọ̀ sí D.
Tíṣà nà án. Inú ń run ún, a ní aràn ni.
Wọ́n ní ìyá arúgbó ilé kejì ló jí orí rẹ̀ lò;
a kò kí obìnrin náà mọ́ títí ó fi kú.
Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wá ibojì rẹ̀ lọ.
N kò rí i.

Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ní Sámárù.
Òun ló bu èèpá ọ̀dà náà sínú ọ̀rá lọ.
Nígbà tó padà dé, kò jókòó.
"Màmá, òjé ni."

Òjé! Mo mọ òjé.
Ìyá bàbá mi fi í sọ́wọ́ nítorí Òrìṣà-ńlá kó tó kírun.
Àgbà bọ̀, wọ́n ní a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́,
ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ.
Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà ní ọrùn ọwọ́.

Hansatu, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ti gbá fèrèsé mú.
Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Gambo ní kí n kun ún ní funfun, ta ni yóò bèèrè?
Ó ní ṣé ẹni tó ń ta ẹ̀wà ń polówó kòkòrò inú rẹ̀ ni?
Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé náà, lábẹ́ iye owó gan-an,
ọmọ mi sì fi Háúsá kọ ọ́ sísàlẹ̀:
fèrèsé mẹ́fà, ilẹ̀kùn mẹ́rin, ibùsùn kan.
Ẹ má ha á ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín,
kí ọmọ má sì sí nílé lọ́jọ́ náà.
Bí ẹ bá fẹ́ yọ nínú owó, ẹ yọ ọ́.
Bí ẹ bá fẹ́ máa lọ, ẹnu ọ̀nà rèé,
ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Lámídì nìyẹn ní àgbàlá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta,
ó ń ka ewé dógóyárò tó gbá jọ.
Ó ka á dé mẹ́sàn-án,
ó tún bẹ̀rẹ̀.

Gambo ti dìde.
Tanimu kò tíì sọ̀rọ̀.
Owó ṣì wà lórí tábìlì.